Wọ́n Ní Iṣẹ́ Ìjókòó Ni Mò Ń Ṣe

Ìyá náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ṣílẹ̀kùn. Inú ọ̀rá kékeré kan tó fi rọ́bà dè ni káàdì rẹ̀ wà. Ó tú u díẹ̀díẹ̀, ó nà án sí mi. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló fẹ́ gbà: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì jẹ gbèsè gaàrí. Mo ki káàdì bọ ẹ̀rọ, mo tẹ iye owó, mo gbé ẹ̀rọ fún un kó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, mo yíjú sí ògiri bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí, ó wá kọ ọ́ jáde pé kò ṣeé ṣe. Kí n tó la ẹnu, fóònù kékeré tó wà létí ìró ìyá dún. Wọ́n ti yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀.

Owó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, kó owó mi fún mi, kí n tètè máa lọ kí oòrùn tó mú."

Ọdún 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ POS ní Ayétòrò Gbẹdẹ níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìwé aládàáni, mo sì ti ṣe oko. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bíríkìlà ni l'Ábùjá. Nígbà tó wálé wá ṣọdún Kérésì, ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù fún bí ìdajì ọjọ́, ó ní, "Àbúrò, iṣẹ́ tìẹ yìí dùn o. Ìjókòó lásán ni. Èmi tí mò ń ru búlọ́ọ̀kù, kí ni kí n wá sọ?" Mi ò bá a jiyàn. Búlọ́ọ̀kù wúwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí mo mọ iṣẹ́ agbára, mo mọ iṣẹ́ ìjókòó, mo sì mọ èyí tó ń jí mi lójú oorun nínú méjèèjì.

Àgbẹ̀ iṣu ni bàbá mi. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tí apá rẹ̀ le a máa kọ igba ebè lójúmọ́, bàbá mi sì wà lára wọn. Òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ oko wa, ọkọ́ á dún gbọ̀n-ín bó bá kàn án. Èmi ni wọ́n máa ń rán pé kí n gbé omi lọ fún un. Mo máa ń rí i bó ṣe ń na ẹ̀yìn, tí á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, tí á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lálẹ́, ìyá mi á fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn rẹ̀, á fi òrí pa á. Bó bá ti jẹ iyán tán báyìí, ó ti sùn nìyẹn. Láti yàrá kejì la ti máa ń gbọ́ híhanrun rẹ̀. Igba ebè tó kọ, igba ebè náà ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di àádọ́jọ lóru.

Ọdún kan wà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀ bó ṣe yẹ. Iṣu ọdún náà kò tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ, oúnjẹ sì wọ́n nílé wa. Síbẹ̀, kò sẹ́nì kan tó wá sẹ́nu ọ̀nà wá bi bàbá mi pé kí ló dé tí òjò kò rọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òjò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bá a kẹ́dùn, òun náà bá wọn kẹ́dùn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni òjò tèmi. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń bi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ẹ̀rọ kékeré yìí ni owó ń há sí. Kò sí owó kankan nínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí yín, iṣẹ́ ni ẹ̀rọ rán. Iṣẹ́ náà á gba orí síìmù inú ẹ̀rọ dé iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, á gba ojú ọ̀nà tí gbogbo báńkì jọ ń lò kọjá, á dé báńkì yín. Báńkì yín á yọ owó, á wá rán èsì padà gba ibi tí iṣẹ́ náà gbà wá. Bí èsì yẹn bá sọnù lọ́nà, bóyá síìmù kò mú dáadáa, bóyá èrò pọ̀ jù níbì kan láàárín, báńkì yín ti yọ owó ní tiẹ̀, èmi kò sì rí nǹkan kan. Owó náà kò bọ́ sápò ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró kí báńkì àti iléeṣẹ́ ẹ̀rọ mú ìṣirò wọn dọ́gba ni, kí wọ́n tó dá a padà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé ẹjọ́ owó POS tó há kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Àṣẹ náà dára. Mo ti rí owó tó padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sì ti rí èyí tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú gbogbo àwọn tí iṣẹ́ yẹn gba ọwọ́ wọn kọjá, èmi nìkan ni ojú mi wà níta. Báńkì ìyá wà ní Kàbbà. Iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ wà l'Ékòó, nọ́ńbà ni wọ́n fún wa láti máa pè, orin ni nọ́ńbà náà sì ń kọ síni létí. Ṣọ́ọ̀bù tèmi wà lójú títì. Èmi ni wọ́n mọ ilé bàbá mi.

Ẹ lè ní kí n san án fún un látinú owó tèmi, kí n wá dúró de ìgbà tí wọ́n máa dá a padà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀mejì. Owó tó há kì í padà sọ́dọ̀ mi, àkáǹtì oníbàárà ló ń padà sí. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ alẹ́ẹ̀tì, ó sì kó owó mi wá fún mi. Ẹnì kejì, awakọ̀ kan tó ń kọjá lọ sí Ìlọrin ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí dòní. Ọgọ́rùn-ún náírà ni mò ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún nígbà náà. Igba oníbàárà ni mo ní láti dá lóhùn kí n tó rí ogún ẹgbẹ̀rún yẹn padà. Igba, bí igba ebè bàbá mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kà wọ́n tán, ilẹ̀ ṣófo níwájú mi.

Fún ìyá yìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo mú jáde, mo ní kó fi ra oògùn rẹ̀ ná. Mo kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti àkókò tí owó há sínú ìwé mi, mo sì tẹ rìsíìtì fún un. Ó wo rìsíìtì náà, kò lè kà á, ó ká a sínú ọ̀rá káàdì rẹ̀. Ó ní, "Èmi ò mọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fún ní káàdì." Kò pariwo. Ìbá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún mi.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń rò bí mo bá dá jókòó. Yorùbá kì í fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ láìkí. Àgbẹ̀ ní àroko bọ́dún dé. Aláró ní àrẹdú. Onídìrí ní ojú gbooro. Ẹni tó patẹ, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, "Okun" ló máa ń ṣáájú gbogbo rẹ̀, a máa fi ń kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni, "Ṣé owó wà?" Bí owó bá wà, wọ́n á jókòó. Bí kò bá sí, wọ́n á kọjá. Mi ò sọ pé wọ́n kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Wọn kò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tí wọn ì bá kí ni. Ẹni tí èèyàn ò rí iṣẹ́ rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́?

Ọdún 2023 ló wá fi iṣẹ́ yìí hàn mí tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ti àtijọ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Àwọn èèyàn kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Tuntun kò jáde tó. Àsìkò tí kajú ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an ló bọ́ sí. Kajú yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ní gbogbo oṣù Kejì, àpò kajú jókòó sílẹ̀ nínú ilé, àwọn tó ń rà á kò ní owó lọ́wọ́, àwọn tó ní in kò sì fẹ́ gbà á lórí fóònù, torí ẹni tó gbà á lórí fóònù, ọ̀dọ̀ mi náà ló máa padà wá láti wá sọ ọ́ di owó.

Èmi náà kò rí owó ní báńkì. Mò ń rà á ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń fi owó ra owó. Àwọn tó ń tajà tí owó ń wọlé sí lọ́wọ́ ni mò ń rà á lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ààbọ̀. Èmi náà wá ń tà á ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Lọ́jọ́ kan, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, wá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún kan ni owó iṣẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ náà?"

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó san án, ó ki owó náà bọ àpò, ó lọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, mi ò ráyè ṣàlàyé fún un pé nínú ẹgbẹ̀rún kan yẹn, igba ó lé àádọ́ta náírà péré ni tèmi.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé mo jalè. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún ara mi pé ohun tó dára ni mo ṣe. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní mo kó owó pamọ́, ẹni tó ní aláìsàn nílé kò sì ní rí owó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí mo bá ṣí i, mo ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Èyí ni mo mọ̀ sí iṣẹ́ tó le: kí èèyàn máa ṣe é láàárọ̀, kó má sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lálẹ́ bóyá ó ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí ó rẹ́ ẹ jẹ. Bàbá mi kò mọ irú èyí. Ebè kì í bi àgbẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú wá ń mí. Lẹ́yìn àjíǹde, mo lọ sílé bàbá tíṣà. Mo gbé ìwé mi dání, mo ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ náà, mo fi iye tí mo ra owó hàn án. Bàbá mú awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé wò. Ó ní ìṣirò mi tọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi. A sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Ti ojú ọ̀nà, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Láti ìgbà tí àwọn adigunjalè ti kọlu báńkì kan ní Ìsánlú ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, tí wọ́n pa àwọn ọlọ́pàá, ẹ̀rù gbígbé owó rìn ti wọ gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lára. Mo máa ń lọ gba owó ní Kàbbà, mo sì máa ń gbàdúrà lọ, gbàdúrà bọ̀. Ti òfin tuntun náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ aṣojú báńkì lóòjọ́. Ẹni tó wá ra kajú, tó fẹ́ gba ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bínú sí ẹni tó ṣòfin. Ojú mi ló ń wò tó fi ń bú.

Ní ìlú ńlá, mo gbà pé ẹni tó bú ọ lónìí, o lè má rí i mọ́ láéláé. Níbí, ẹgbẹ́ ìyá mi ni oníbàárà mi, àbúrò ọkọ mi ni, ẹni tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Aago mọ́kànlá òru, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ó nílò owó. Mi ò lè sọ pé mo ti ṣíwọ́. Mo máa ń dìde.

Lọ́jọ́ kejì tí owó ìyá há, ọmọ rẹ̀ pè mí láti Èkó. Kò kí mi. Ó ní bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá fi ṣú tí owó ìyá òun kò wọlé, òun á jẹ́ kí gbogbo Gbẹdẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù." Ó ní irú wa ló ń ba ìlú jẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, ìyá kò jókòó sórí àga tí a jọ máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí 72 pé, ó kọjá. Mo pe nọ́ńbà iléeṣẹ́, wọ́n ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo san owó ọkọ̀ èmi àti ìyá, a lọ sí báńkì rẹ̀ ní Kàbbà. Ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ohùn rẹ̀ ti há, àwọn tó tò sẹ́yìn wa sì ju ogún lọ. Ọkùnrin kan ti ń pariwo mọ́ ọn kí ó tó kàn wá, ó ń bi í léèrè ibi tó gbé owó òun sí. Bí ó ṣe ń sọ "ẹ má bínú, sà" fún ọkùnrin yẹn, ohùn ara mi ni mo gbọ́. Òun náà kò lè dá owó ẹnikẹ́ni padà. Fọ́ọ̀mù ló lè fún wa. Mo rò ó nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀ nílé, mo rí i pé a pọ̀: nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bú torí pé oògùn kò sí, tíṣà tí wọ́n ń bi léèrè èsì ìdánwò tí kì í ṣe òun ló dì í mú, ọmọ tó ń rọ epo sí ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣépè fún torí epo tó gbówó lórí. Àwọn tó di okùn náà mú, ojú wọn kì í hàn. Ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ni èèyàn ń rí.

Mo sọ ọ́ fún ìyá nínú ọkọ̀ bí mo ṣe rò ó. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ti gbé orí ti fèrèsé, ó ń sùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni owó padà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ka alẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì wá fúnra rẹ̀, ó tún tú ọ̀rá, ó tún na káàdì sí mi. Àyà mi ń já bí ẹ̀rọ ṣe ń yí. Ó gbà. Mi ò gba owó iṣẹ́ kankan. Ìyá ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sọ́tọ̀, ó fi í sórí tábìlì mi, ó so èyí tó kù mọ́ etí ìró. Ó wá ní kí n bá òun pe ọmọ òun l'Ékòó, kí n sọ fún un pé owó ti wọlé.

Mo pè é. Mo kí i, mo sọ fún un.

Ó ní, "Ó dáa," ó sì pa fóònù.

"Kí ló wí?" ni ìyá béèrè.

Mo ní ó ní kí n kí yín.